Iṣẹ́ ọwọ́, ìwé, àti dídán nǹkan wò: ṣé wọ́n tó fi kọ́ ọmọ kékeré nílé?

Ìyá kan kọ̀wé sí mi báyìí: “Mà, ọmọbìnrin mi ti pé ọdún 5 àti oṣù 7. Ó ti tó oṣù 4 báyìí tí mo ti ń kọ́ ọ nílé fúnra mi. A máa ń gé bébà, a máa ń fi amọ̀ mọ nǹkan, mo máa ń kàwé fún un lálaalẹ́, a sì máa ń fi omi, iyọ̀ àti òòfà dán nǹkan kéékèèké wò. Inú rẹ̀ ń dùn sí i gan-an. Ṣùgbọ́n kò tíì lè ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fúnra rẹ̀, ó ń kọ àwọn lẹ́tà kan ní ìdàkejì, kì í sì í jókòó ti nǹkan kan ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sọ pé eré lásán ni mò ń bá ọmọ ṣe, pé ọjọ́ tó bá wọ ilé ìwé ni n óò mọ̀ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi í sílẹ̀. Mi ò kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ṣé mò ń ba ọmọ mi jẹ́ ni?”

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín kí n tó mú kálàmù, nítorí pé ìbéèrè mẹ́ta ni mo rí nínú rẹ̀ tí wọ́n lọ́ mọ́ra wọn. Èkíní ni bóyá eré àti ẹ̀kọ́ yàtọ̀ síra. Èkejì ni bóyá ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà ní ọdún 5 àti ààbọ̀ ti pẹ́ jù. Ẹ̀kẹta, tí mo rò pé òun gan-an ni kì í jẹ́ kí ẹ sùn, ni bóyá ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lè kọ́ ọmọ tirẹ̀. Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lóhùn, nítorí pé ẹ̀gbọ́n ọkọ yín kò jẹ̀bi tán, ẹ̀yin náà kò sì jàre tán. Ọdún 26 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ọdún 4 sí ọdún 7 nínú kíláàsì, láti ìgbà tí mo sì ti fẹ̀yìn tì ni mo ti ń jókòó ti àwọn òbí tí wọ́n ń kọ́ ọmọ wọn nílé. Ohun tí mo rí ni mo máa sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 20 kúrò nílẹ̀, nítorí pé òun ni ó rọrùn jù. Ìṣẹ́jú 20 tí ọmọ ọdún 5 fi jókòó ti iṣẹ́ kan kì í ṣe àbùkù rárá, ó dára. Ohun tí ó ń dẹ́rù ba àwọn òbí ni pé wọ́n ń fi ọjọ́ tiwọn wé ọjọ́ ilé ìwé, tí ó jẹ́ wákàtí 5 tàbí 6, wọ́n sì ń rò pé gbogbo wákàtí náà ni olùkọ́ fi ń kọ́ ọmọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí olùkọ́ kan bá ní ọmọ 30, tí ó sì pín wákàtí kan láàárín wọn lọ́gbọọgba, ìṣẹ́jú 2 péré ni yóò kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìyókù ọjọ́ náà, orí ìlà ni wọ́n wà, tàbí kí wọ́n máa dúró kí ẹnìkejì parí, tàbí kí wọ́n máa wá pẹ́ńsù tó sọnù. Ẹ̀yin àti ọmọ kan ṣoṣo ni ẹ jọ jókòó. Wákàtí kan sí wákàtí kan àti ààbọ̀ lójúmọ́, tí ẹ bá dá a sí wẹ́wẹ́, ti tó fún ọmọ ọjọ́ orí yìí. Kí ó máa sáré kiri níta, kí ó máa ràn yín lọ́wọ́ nínú ilé, kí ó sì máa bá àwọn ọmọ mìíràn ṣeré ní àkókò tó kù.

Ó wá di ọ̀rọ̀ eré. Èrò pé ọwọ́ ọmọ kékeré ni ọpọlọ rẹ̀ ń gbà mọ nǹkan kì í ṣe èrò òní. Friedrich Froebel bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní Bad Blankenburg ní Jámánì lọ́dún 1837. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi òwú hun àti igi tí wọ́n gé sí oríṣiríṣi ìrísí ni ó fi kọ́ àwọn ọmọ, òun ni ó sì sọ ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní kindergarten, tó túmọ̀ sí ọgbà àwọn ọmọdé. Maria Montessori, tí ó jẹ́ dókítà, ṣí ilé àwọn ọmọ tirẹ̀ ní àdúgbò San Lorenzo ní Róòmù ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 1907. Ọ̀kan nínú ohun tí ó ṣe ni pé ó gé lẹ́tà láti ara sáńpépà, kí ìka ọmọ lè máa gba ojú rẹ̀ kọjá kí ọmọ náà tó mú pẹ́ńsù rárá. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò dá: àwọn méjèèjì kò kàn da nǹkan sílẹ̀ níwájú ọmọ kí wọ́n sì kúrò níbẹ̀. Ohun kọ̀ọ̀kan ní ìdí tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀, ó sì ní ohun tí ó ṣáájú rẹ̀ àti ohun tí ó máa tẹ̀ lé e. Ohun tí ó ń sọ eré di ẹ̀kọ́ ni pé kí àgbàlagbà tí ó jókòó tì í mọ ohun tí òun ń wá. Bí ẹ bá gé bébà lónìí nítorí pé ẹ rí àwòrán tó wù yín, tí ẹ da iyọ̀ sínú omi lọ́la nítorí pé ó wà nítòsí, tí kò sí okùn kan tí ó so wọ́n pọ̀, a jẹ́ pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ yín.

Iṣẹ́ ọwọ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ohun àkọ́kọ́ tí ó ń ṣe ni pé ó ń pèsè ọwọ́ sílẹ̀ fún kíkọ̀wé. Kí ọmọ máa fa bébà ya, kí ó máa po amọ̀, kí ó máa sín ìlẹ̀kẹ̀ ńlá sí okùn, gbogbo rẹ̀ ni ó ń fún àtàńpàkò àti ìka méjì tí ó tẹ̀ lé e lágbára, àwọn mẹ́ta yìí náà ni wọn yóò sì di pẹ́ńsù mú. Àlùmọ́gàjí tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọwọ́ méjì ni ó ń lò, iṣẹ́ wọn kò sì jọra: ọwọ́ kan ń gé, èkejì ń yí bébà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí yíya bébà, kí ó tó kan gígé etí bébà ní ẹ̀ẹ̀kan péré, lẹ́yìn náà ìlà gbọọrọ, ìgbẹ̀yìn ni kí ẹ fún un ní ìlà tí ó kọ kọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, ẹ wá àlùmọ́gàjí ọlọ́wọ́ òsì fún un. Bí a ṣe to abẹ tèyí tí a sábà ń lò máa ń bo ìlà mọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ lójú, bí ó sì ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ṣe ni abẹ méjèèjì ń fà kúrò lára wọn dípò kí wọ́n pàdé. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ fún odindi ọdún kan nítorí ohun kékeré yìí.

Àṣìṣe tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe nínú iṣẹ́ ọwọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ yẹra fún. Alẹ́ ni mo máa ń jókòó gé labalábá 30 láti ara páálí, tí n óò to ìyẹ́ wọn, tí yóò fi jẹ́ pé ohun tó kù fún àwọn ọmọ kò ju kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ lọ. Ara ògiri a máa dùn ún wò, àwọn òbí a sì máa yìn mí. Ní ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan dúró níwájú ògiri náà, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó wá yíjú sí mi, ó ní, “Mà, èwo ni tèmi?” Mi ò rí ìdáhùn fún un, nítorí pé èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fi àwòṣe hàn ọmọ mọ́. Ìṣòro ni mo máa ń gbé fún un. Ẹ fún ọmọ yín ní bébà kan ṣoṣo, kí ẹ to ìwé méjì síbi tí àlàfo wà láàárín wọn, kí ẹ sì ní kí ó fi bébà náà ṣe afárá tí yóò lè gbé ife oníke kékeré kan dúró. Bébà pẹlẹbẹ yóò tẹ̀ wọlé. Yóò bínú díẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ kí ó gbìyànjú, bí ó bá sì ti rẹ̀ ẹ́, ẹ fi hàn án bí a ṣe ń ṣẹ́ bébà léra bí abẹ̀bẹ̀. Bébà kan náà ni, kò nípọn sí i, ṣùgbọ́n ó ti gbé ife dúró, nítorí pé gbogbo ibi tí a ti ṣẹ́ ẹ ti dìde dúró bí ògiri kéékèèké. Ẹ̀yin náà yóò rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ ti di sáyẹ́ǹsì níbẹ̀, ẹ kò sì dárúkọ sáyẹ́ǹsì rárá.

Ní ti dídán nǹkan wò, ìyàtọ̀ tó wà láàárín idán àti ẹ̀kọ́ kò ju ìbéèrè kan lọ, ìyẹn èyí tí ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan: “Kí ni o rò pé yóò ṣẹlẹ̀?” Bí ọmọ bá ti sọ tirẹ̀, yálà ó tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà, ọ̀rọ̀ náà ti kàn án, yóò sì fojú sílẹ̀ wò ó. Mo jókòó ti ọmọbìnrin kan tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ tiyín, pẹ̀lú abọ́ omi àti irú amọ̀ ìṣeré tí kì í yọ́ nínú omi. Ó ju ìṣù amọ̀ kan sínú omi, ó rì. Ó ní ó wúwo ni. Mo bi í bóyá ó lè mú kí amọ̀ yẹn gan-an léfòó láìbù lára rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ó tún rì. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ń fi ìka méjì fún etí rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ yíká títí ó fi dà bí àwo kékeré, ó sì rọra gbé e lé omi bí ẹni tí ń tẹ́ ọmọ ọwọ́ sùn. Ó léfòó. Ó pariwo pé, “Amọ̀ ti fúyẹ́!” Mi ò sọ fún un pé irọ́ ni. Mo fi háńgà aṣọ àti ife oníke méjì ṣe òṣùwọ̀n, mo fi ìṣù amọ̀ mìíràn tí a ti jọ wọ̀n tẹ́lẹ̀ sí apá kan, òun náà fi àwo rẹ̀ sí apá kejì, háńgà náà sì dúró gbọọrọ. Kò sọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kejì ni ó wá bá mi, tí ó ní, “Omi ló ń gbé e, nítorí pé ó fẹ̀.” Kò tíì pé, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ òótọ́ ju bí ọ̀rọ̀ ẹnu tèmi ìbá ti mú un sún mọ́ ọn lọ. Fún ẹ̀yin tí ẹ máa kọ́ ọ, òdindi rẹ̀ rèé: omi ń ti nǹkan sókè pẹ̀lú agbára tó ṣe déédé pẹ̀lú ìwọ̀n omi tí nǹkan náà tì kúrò láàyè rẹ̀, amọ̀ tí a mọ bí àwo ń ti omi púpọ̀ kúrò ju ìṣù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n amọ̀ kò yí padà.

Ohun kejì tí ó yẹ kí ẹ máa ṣọ́ ni pé nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ rẹ ẹ̀wà sínú omi mọ́jú, kí ẹ fi í sáàárín bébà tútù àti ara ife tí a lè rí inú rẹ̀ láti ìta. Ẹ ṣe ife méjì. Kí ẹ̀kan wà lójú fèrèsé, kí èkejì wà nínú àpótí tó ṣókùnkùn, kí omi tí ẹ ń fún wọn sì dọ́gba. Láàárín bí ọjọ́ 3 sí 5, gbòǹgbò yóò yọ, ọmọ yóò sì rí i pé ìsàlẹ̀ ni gbòǹgbò ń kọjú sí, bó ti wù kí ẹ dojú ẹ̀wà náà dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ewé bá yọ tán, tinú òkùnkùn ni yóò ga jù. Ọ̀pọ̀ òbí ni ó máa ń dààmú níbẹ̀, tí wọ́n máa fẹ́ da ife náà nù nítorí pé kò bá ohun tí wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ mu. Ẹ má ṣe dà á nù. Ẹ ní kí ọmọ wo àwọ̀ rẹ̀ tó ṣá, kí ó wo igi rẹ̀ tó tín-ín-rín: gbogbo oúnjẹ tó wà nínú ẹ̀wà ni ó ń ná láti fi wá ìmọ́lẹ̀ kiri. Ọmọ tí ó bá rí èyí ti kọ́ pé gíga nìkan kọ́ ni àmì ìlera, ojú ara rẹ̀ ni ó sì fi rí i.

Àwọn nǹkan kan sì wà tí àlàyé ẹnu kò lè mú kí ọmọ ọdún 5 gbà. Jean Piaget, ọmọ Súwísàláǹdì, fi èyí hàn pẹ̀lú ife omi méjì tó dọ́gba: bí a bá da ọ̀kan sínú ife tó ga tó sì tín-ín-rín níṣojú ọmọ, púpọ̀ nínú àwọn tí kò tíì tó bí ọdún 7 ni yóò sọ pé omi ti pọ̀ sí i. Ẹ dán an wò pẹ̀lú ọmọ yín. Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe bá a jiyàn. Ẹ fún un ní àwọn ife náà kí ó máa dà á lọ dà á bọ̀ nígbà tó bá ń wẹ̀. Ẹ̀yin náà sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún àlàyé tí gbogbo ayé ń sọ tí kì í ṣe òótọ́. Àpẹẹrẹ kan ni àbẹ́là tí a tàn sínú àwo omi, tí a wá fi ife dé. Wọ́n máa ń sọ pé omi gòkè nítorí pé ó gba àyè ọ́síjìn tí iná jó tán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wò ó dáadáa, ìgbà tí iná kú tán ni omi tó gòkè jù. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó wà nínú ife ni ó tutù, tí ó sì sún kì, ni afẹ́fẹ́ ìta bá ti omi wọlé. Ó sàn kí ẹ wí fún ọmọ pé, “Mi ò mọ̀, jẹ́ ká tún un wò,” ju kí ẹ fún un ní àlàyé tí yóò ní láti gbàgbé lọ́jọ́ iwájú. Ẹ̀yin nìkan ni kí ó máa fọwọ́ kan iná o. Ẹ sì kó bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bí bọ́tìnì àti òòfà kéékèèké kúrò nílẹ̀ pátápátá. Bí ọmọ bá gbé irú bátìrì yẹn mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ gidigidi láàárín wákàtí 2. Bí ó bá sì gbé òòfà méjì mì, wọ́n lè fa ara wọn mọ́ra nínú ìfun kí wọ́n sì lu ú. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e sáré lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ má ṣe dúró wò ó bóyá yóò bá ìgbẹ́ jáde. Òòfà ńlá tí kò lè wọ ẹnu ni kí ẹ máa lò.

Mo ti dé ibi tí mi ò lè gbè sẹ́yìn yín. Ẹ sọ pé ẹ máa ń kàwé fún un lálaalẹ́, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣe dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ, ibẹ̀ ni ó ti ń mọ bí ìtàn ṣe ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n a lè kàwé fún ọmọ ní ẹgbẹ̀rún alẹ́ kí ó má sì mọ̀wé kà. Ọ̀rọ̀ sísọ ni ọmọ máa ń gbà lẹ́nu àwọn tó yí i ká láìsí ẹni tó jókòó kọ́ ọ. Ìwé kíkà kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn ni wọ́n dá ìkọ̀wé sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 5,000 sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni tí yóò bá sì mọ̀ ọ́n, a ní láti fi hàn án ni. Iṣẹ́ ọwọ́ kò lè kọ́ ọ, amọ̀ àti òòfà kò lè kọ́ ọ. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ti rí ohun tí ẹ kò rí. Àtúnṣe rẹ̀ kò sì le: ìṣẹ́jú 10 sí 15 ní àràárọ̀, kí iṣẹ́ ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ara ọmọ ṣì dá.

Etí ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ kí ó tó kan ojú. Kí ó máa pàtẹ́wọ́ fún sílébù kọ̀ọ̀kan nínú orúkọ rẹ̀. Kí ó máa wá nǹkan tí ìró ìbẹ̀rẹ̀ wọn jọra nínú yàrá. Bí ó bá ti mọ èyí, ẹ wá fún un ní lẹ́tà díẹ̀díẹ̀, bíi mẹ́ta lọ́sẹ̀, kì í ṣe ní títò a, b, d. Bí ó bá jẹ́ pé Yorùbá ni ọmọ náà ń sọ jù, èdè yẹn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé lẹ́tà 25 ni a ní, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìró kan ṣoṣo ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń dúró fún, nígbà tí lẹ́tà kan nínú Gẹ̀ẹ́sì lè ní ìró mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ìdẹkùn kan wà níbẹ̀ tí mo ti rí tí ó mú ọ̀pọ̀ ọmọ. A máa ń pe orúkọ lẹ́tà ní “bí, dí, fí”, nígbà tí ọmọ bá sì rí “ba”, yóò kà á bí “bí-a”. Ẹ má ṣe fi orúkọ lẹ́tà bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi odindi sílébù bẹ̀rẹ̀: ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu, kí ó tó kan ta, te, tẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, yóò lè fi ba àti ta ka bàtà, àyà rẹ̀ yóò sì balẹ̀. Ohùn lè tẹ̀ lé e pẹ̀lú eré: ẹ ya àwòrán ọkọ̀ àti ọkọ́, kí ẹ máa fi imú kọ ohùn ọ̀kan láìla ẹnu, kí ó máa nawọ́ sí èyí tí ẹ ń pè. Gẹ̀ẹ́sì tàbí èdè mìíràn yóò rọrùn lẹ́yìn náà, nítorí pé ọmọ tí ó ti mọ̀ pé lẹ́tà ń dúró fún ìró kì í tún un kọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Lẹ́tà tí ó ń kọ ní ìdàkejì kò gbọdọ̀ dẹ́rù bà yín ní ọjọ́ orí yìí. Láti ìgbà tí a ti bí i ni ó ti mọ̀ pé ife tí etí rẹ̀ kọjú sí ọ̀tún àti ife tí etí rẹ̀ kọjú sí òsì, ife kan náà ni. Lẹ́tà ni ohun àkọ́kọ́ tí ó pàdé tó ní ìlànà mìíràn: yí b padà, ó di d. Títí di nǹkan bí ọdún 7 ni àwọn ọmọ fi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe kọ́ ọ ní b àti d ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ẹ jẹ́ kí ó máa fi ìka kọ wọ́n sínú àwo yanrìn, kí ó máa bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan náà nígbà gbogbo. Ní ti pé ó ti pẹ́, ní Fíńláńdì, ọdún tí ọmọ bá máa pé 7 ni ó ń bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ yín kò tíì pẹ́. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Nípa ìwé alẹ́ náà, ohun kan péré ni mo fẹ́ fi kún un. Ní ọdún 1988, Grover Whitehurst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n kọ́ àwọn òbí kan bí wọ́n ṣe lè máa bi ọmọ ní ìbéèrè tó ń fẹ́ àlàyé nígbà tí wọ́n bá ń ka ìwé alàwòrán, kí wọ́n sì máa fi díẹ̀ kún ohun tí ọmọ bá sọ. Lẹ́yìn oṣù kan, ọ̀rọ̀ sísọ àwọn ọmọ náà ti yàtọ̀ sí ti àwọn tí òbí wọn ń kàwé fún bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa dúró lójú ewé kan, kí ẹ bi í pé kí ló dé tí ó fi rò pé ajá inú ìwé náà sá pamọ́, kí ẹ sì dákẹ́ kí ó ronú. Dídákẹ́ náà ni ó ṣòro jù fún àgbàlagbà. Ìṣirò kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: kí ó máa ka bọ́tìnì, kí ó máa pín wọn sí ọ̀nà méjì, kí ó máa fi ẹsẹ̀ wọn yàrá, ìyẹn tó fún ọdún yìí.

Ẹ ní ẹ kò kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Apá tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n kọ́ èmi ni bí mo ṣe lè mú kí ọmọ 30 jókòó pa pọ̀, ẹ kò sì nílò rẹ̀. Sùúrù, ojú tó ń ṣọ́ nǹkan, àti ìmúrasílẹ̀ ìdajì wákàtí lálẹ́ ni ẹ nílò. Ṣùgbọ́n n óò tàn yín bí mo bá sọ pé nílé ló dára jù fún gbogbo ọmọ. Mo ti rí ilé tí ìyá àti ọmọ ti ń bá ara wọn jà lójoojúmọ́ lórí ìwé, tí ó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n mú ọmọ náà lọ sílé ìwé ni àlàáfíà tó padà sáàárín wọn. Mo tún ti rí ọmọ tó mọ gbogbo nǹkan ṣùgbọ́n tí kò mọ bí a ṣe ń dúró kí ọmọ mìíràn kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni kí ọmọ yín máa wà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi tí kì í ṣe ẹ̀yin ni ẹ ń parí ìjà wọn. Bí ó bá sì di pé ìbínú ni ẹ fi ń jí sí iṣẹ́ náà ní ọ̀pọ̀ òwúrọ̀, ilé ìwé tó dára kì í ṣe ìjákulẹ̀ o. Ẹ tún wádìí òfin ibi tí ẹ ń gbé, nítorí pé wọn kò dọ́gba: ní Jámánì, dandan ni kí ọmọ lọ sílé ìwé, ní Faransé, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni òbí ti gbọ́dọ̀ gbàṣẹ kí ó tó lè kọ́ ọmọ nílé, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1996 fún òbí láyè láti kọ́ ọmọ níbòmíràn yàtọ̀ sí ilé ìwé, ní Amẹ́ríkà, gbogbo ìpínlẹ̀ ni ó gbà á, ṣùgbọ́n ìlànà oníkálukú yàtọ̀.

Ohun kan wà tí mi ò lè ṣe láti ibi tí mo jókòó sí yìí: mi ò rí ọmọ náà, mi ò sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Kí ẹ tó gbà pé ìwé ni kò wọ̀ ọ́ lórí, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò, nítorí pé ọmọ tí kò gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín ìró méjì kò lè fi lẹ́tà méjì dúró fún wọn. Bí ẹ bá kọ́ ọ lójoojúmọ́ fún bí oṣù 6, tí kò sì tíì lè so ìró méjì pọ̀, pàápàá bí ìwé kíkà bá ti ṣòro fún ẹlòmíràn nínú ẹbí, ẹni tó kọ́ṣẹ́ nípa ìṣòro ìwé kíkà ni kí ẹ lọ bá. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ kíkọ́ ti kọjá sùúrù òbí, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró.

Títí dìgbà náà, ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ẹ máa kọ déètì sí i, kí ẹ kọ ohun tí ó sọ pé yóò ṣẹlẹ̀ àti ohun tí ó sọ lẹ́yìn tí ó rí i, bó ṣe tẹnu rẹ̀ jáde gan-an. Kí ẹ lẹ bébà tí ó gé lóṣù yìí mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ó máa gé ní oṣù mẹ́ta òní. Ìwé yẹn ni kí ẹ gbé fún ẹ̀gbọ́n ọkọ yín nígbà tí wọ́n bá tún béèrè, kí ẹ sì sọ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ẹ ti gba ọ̀rọ̀ wọn lórí ìwé kíkà. Bí ẹ bá máa tún kọ̀wé sí mi, ẹ kọ àwọn sílébù tí ó ti mọ̀ àti èyí tí ó ń ṣì pè sínú rẹ̀, kí n lè mọ ibi tó yẹ kí a gbà.